Ìrántí Kì Í Ṣe Fídíò: Bí Iyè Ṣe Ń Ṣiṣẹ́, Àti Ìdí Tí A Fi Ń Gbàgbé

Bí èsì ìdánwò WAEC tàbí JAMB bá jáde tí kò dára, ọ̀rọ̀ mẹ́ta kan kì í wọ́n lẹ́nu àwa ará Ìbàdàn. Òbí á ní, “Ọmọ yìí ò ní ọpọlọ ìwé.” Ọmọ á ní, “Mo kà á o, ó kàn fò lọ ni.” Aládùúgbò á ní kí wọ́n lọ wá ìsọ̀yè fún un. Bí mọ́tò méjì bá kọ lu ara wọn ní Ìwó Róòdù, ẹni márùn-ún tó wà níbẹ̀ á sọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, oníkálukú á sì máa búra pé ojú òun méjèèjì lòun fi rí i. Nínú ilé, màmá àgbà á béèrè ìbéèrè kan náà lẹ́ẹ̀mẹfà kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Àwọn kan á ní ogbó ni, àwọn mìíràn á máa sọ ohun tí kò yẹ kí ọmọ sọ sí ìyá arúgbó.

Ohun kan náà ló fa gbogbo àríyànjiyàn yìí. A ti gbà lọ́kàn pé àpótí ni ìrántí: ẹni tí tiẹ̀ bá tóbi ló mọ̀wé, ohun tó bá ti wọnú rẹ̀ kì í yí padà, bó bá sì di ìgbà ogbó, àpótí á máa jò. Àwọn onímọ̀ sàìkọ́lọ́jì, ìyẹn àwọn tó ń ṣèwádìí nípa ìrònú àti ìṣe ẹ̀dá, ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí fún ọdún tó lé ní 130. Ohun tí wọ́n bá níbẹ̀ kò jọ àpótí rárá.

Kí là ń pè ní ìrántí gan-an?

Ìrántí ni agbára tí ọpọlọ ní láti jẹ́ kí ohun tó ti kọjá ṣì wúlò fún wa. Iṣẹ́ mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀. Èkíní ni gbígbà wọlé: ojú rí i tàbí etí gbọ́ ọ, ọkàn sì wà níbẹ̀. Èkejì ni ìpamọ́. Ẹ̀kẹta ni ìfàyọ, ìyẹn ìgbà tí a bá fẹ́ lò ó tí a ní kó jáde wá. Bí ẹnì kan bá ní òun ti gbàgbé, ẹ kọ́kọ́ wádìí èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni kò ṣe iṣẹ́ rẹ̀, torí àtúnṣe ọ̀kan yàtọ̀ sí ti èkejì.

Ẹ jẹ́ ká fi ọbẹ̀ ṣe àpèjúwe. Ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ tí ìyá yín sè lọ́dún tó kọjá ò sí níbì kankan mọ́. Ohun tó wà ni èlò rẹ̀, gbogbo rẹ̀ sì wà káàkiri ọjà Bódìjà: tàtàṣé lọ́dọ̀ ẹnì kan, irú lọ́dọ̀ ẹlòmíràn, ṣọkọ̀ lẹ́bàá ọ̀nà. Bí ọbẹ̀ yẹn bá ń wù yín jẹ lónìí, ẹ ó mú ìwé tí ẹ kọ èlò sí, ẹ ó yí ọjà ká, ẹ ó sì tún un sè. Bí ìrántí ṣe rí nìyẹn. Lọ́jọ́ tí ẹ lọ síbi ìgbéyàwó ní Mápó, àwọ̀ aṣọ ẹbí lọ sí apá kan nínú ọpọlọ yín, ohùn dùndún lọ sí apá mìíràn, òórùn ìrẹsì lọ síbòmíràn, ayọ̀ ọjọ́ náà sì ní ibi tirẹ̀. Ẹ̀yà kékeré kan wà ní inú lọ́hùn-ún, ní ọ̀gangan etí, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Hippocampus ni wọ́n ń pè é. Òun ló dà bí ìwé èlò, torí òun ló mọ ohun tó bá ohun wá. Nígbà tí ẹ bá rántí ìgbéyàwó náà, ńṣe ni ọpọlọ yín ń yí ọjà ká, tó sì ń tún ọbẹ̀ sè.

Bí èlò kan bá sì wọ́n lọ́jọ́ náà, alásè á fi òmíràn dí i, kò sì ní sọ fún ẹni tó ń jẹun. Ẹ fi èyí sọ́kàn. A ó padà sórí rẹ̀.

Kí ló dé tí nọ́ńbà OTP fi ń fò lọ?

Ẹ wo ẹnì kan tó fẹ́ fi owó ránṣẹ́ lórí fóònù ní Dùgbẹ̀. Báńkì fi OTP, ìyẹn nọ́ńbà ẹlẹ́yọ mẹ́fà tí a ń lò lẹ́ẹ̀kan péré, ránṣẹ́ sí i. Ó wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó yára padà síbi tí yóò ti tẹ̀ ẹ́, ètè rẹ̀ ń mì díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń kà á lábẹ́nu. Kọ́ńdọ́ kan bá lọgun lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: “Mọ́kọ́lá-Sángo-Ọ̀jọ́ọ̀! Ẹ wọlé pẹ̀lú ṣéńjì yín o!” Ètè dúró. Ó tẹ nọ́ńbà méjì àkọ́kọ́, àtàǹpàkò rẹ̀ wá ń rá bàbà lókè fóònù, kò mọ èyí tó kàn mọ́.

Kò sóhun tó ṣe ọpọlọ rẹ̀. Inú ìrántí ojú ẹsẹ̀ ni nọ́ńbà yẹn wà, ìrántí ojú ẹsẹ̀ sì dà bí àtẹ́lẹwọ́: ohun tí a bá dì mú ló wà níbẹ̀, bí a bá na ọwọ́ sí nǹkan mìíràn, èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ á já bọ́. Ní 1959, Lloyd Peterson àti Margaret Peterson ní Amẹ́ríkà fún àwọn ènìyàn ní lẹ́tà mẹ́ta péré kí wọ́n rántí, wọ́n sì ní kí wọ́n máa ka nọ́ńbà sẹ́yìn ní mẹ́ta-mẹ́ta kí wọ́n má bàa ráyè máa tún lẹ́tà náà pè. Kí ìṣẹ́jú-àáyá 18 tó pé, lẹ́tà mẹ́ta yẹn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá tán lọ́kàn ọ̀pọ̀ wọn. Pípè tí ètè ń pè é lábẹ́nu ló mú nọ́ńbà OTP dúró. Igbe kọ́ńdọ́ dá pípè náà dúró, ó sì tú u dà nù.

Báwo ni àtẹ́lẹwọ́ yìí ṣe fẹ̀ tó? George Miller kọ ọ́ ní 1956 pé nǹkan bí méje ni, ó lè lé méjì tàbí kó dín méjì. Nelson Cowan tún un yẹ̀ wò ní 2001, ó sì rí i pé nǹkan bí mẹ́rin ló sún mọ́ òótọ́ bí a kò bá gba ènìyàn láyè láti ta ọgbọ́n kankan. Ṣùgbọ́n ẹyọ kan lè tóbi. Nọ́ńbà fóònù wa jẹ́ 11, a sì ń rántí rẹ̀, nítorí 0803 kì í ṣe nǹkan mẹ́rin lọ́kàn ẹni tó ti mọ̀ ọ́n. Ẹyọ kan ṣoṣo ni. Ẹ wo 19601977. Ẹlẹ́yọ mẹ́jọ ni fún àjèjì. Fún ẹni tó mọ ọdún tí Nàìjíríà gba òmìnira àti ọdún FESTAC, nǹkan méjì péré ni. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó ti mọ púpọ̀ nípa iṣẹ́ kan fi máa ń tètè rántí ohun tuntun nínú iṣẹ́ náà: àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ò fẹ̀ ju ti ẹlòmíràn lọ, ńṣe ló mọ bí a ṣe ń di ẹrù.

Ibo ni ohun tó bá dúró ń lọ?

Ọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan ló là wá lójú jù lọ lórí èyí. Henry Molaison ni orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n H.M. ni àwọn onímọ̀ fi ń pè é títí ó fi kú ní 2008. Wárápá ń dà á láàmú débi pé kò lè ṣiṣẹ́. Ní 1953, nígbà tó jẹ́ ẹni ọdún 27, dókítà oníṣẹ́ abẹ William Scoville gé apá tó pọ̀ nínú hippocampus rẹ̀ kúrò, lọ́tùn-ún àti lósì. Wárápá náà rọlẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, ohun tuntun kò dúró lọ́kàn rẹ̀ mọ́. Ó lè bá ènìyàn tàkúrọ̀sọ dáadáa, kó fèsì tó gbọ́n. Bí ẹni náà bá jáde, tó sì padà wọlé láìpẹ́, ó ti di àlejò nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ó rántí ìgbà èwe rẹ̀, ó sì lè di nọ́ńbà kan mú níwọ̀n ìgbà tó bá ń pè é lábẹ́nu.

Brenda Milner, onímọ̀ sàìkọ́lọ́jì ní Kánádà, gbé iṣẹ́ kan fún un: kó fi pẹ́ńsùlù tọ ìlà àwòrán ìràwọ̀, àmọ́ inú dígí nìkan ni kó ti máa wo ọwọ́ ara rẹ̀. Iṣẹ́ tó le ni, torí bí ọwọ́ bá ń lọ síwájú, inú dígí á fi hàn bí ẹni pé ẹ̀yìn ló ń lọ. Nígbà tó fi di ọjọ́ kẹta, àṣìṣe Molaison ti dín kù gan-an. Bẹ́ẹ̀ kò rántí pé òun ti fọwọ́ kan irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí. Ọwọ́ ti kọ́ ọ, ẹnu ò sì mọ̀.

Ibẹ̀ ló ti hàn pé ìrántí ju ẹyọ kan lọ. Ìrántí ìṣẹ̀lẹ̀ wà, bí ọjọ́ tí ẹ kọ́kọ́ wọ iléèwé. Ìrántí ìmọ̀ wà: ẹ mọ̀ pé Ìbàdàn ni olú ìlú Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ láìrántí ọjọ́ tí ẹ kọ́ ọ. Ìrántí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ náà wà, bíi gígun kẹ̀kẹ́ tàbí dídi ṣùkú. Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni apá ọpọlọ tí wọ́n gbára lé. Ìyá àgbà lè gbàgbé orúkọ ọmọ-ọmọ rẹ̀, kó sì jókòó di irun ọmọ náà láìṣì ọwọ́.

Ṣé ẹni tó ní “ojú mi ni mo fi rí i” ń purọ́ ni?

Lọ́pọ̀ ìgbà, rárá. Ọbẹ̀ ló ń tún sè, kò sì mọ̀ pé èlò kan ti yí padà.

Ní 1974, Elizabeth Loftus àti John Palmer fi fíìmù ìjàǹbá mọ́tò han akẹ́kọ̀ọ́ 45 ní Amẹ́ríkà. Lẹ́yìn náà wọ́n bi wọ́n léèrè bí àwọn mọ́tò náà ṣe ń sáré tó. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n yí padà nínú ìbéèrè náà. Fún àwọn kan, wọ́n béèrè eré tí àwọn mọ́tò náà ń sá nígbà tí wọ́n “rún mọ́ra wọn”; fún àwọn mìíràn, nígbà tí wọ́n “fara kan ara wọn”. Ìdáhùn àwọn tó gbọ́ “rún mọ́ra wọn” tó nǹkan bí kìlómítà 66 ní wákàtí kan. Ti àwọn tó gbọ́ “fara kan ara wọn” jẹ́ nǹkan bí 51. Fíìmù kan náà ni gbogbo wọn wò.

Wọ́n tún ṣe òmíràn pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ 150. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n ní ṣé wọ́n rí gíláàsì tó fọ́. Kò sí gíláàsì kankan tó fọ́ nínú fíìmù náà. Nínú 50 tó gbọ́ ọ̀rọ̀ tó le, 16 ló ní àwọn rí i. Nínú 50 tó gbọ́ ọ̀rọ̀ tó rọ̀, 7 péré ni. Ọ̀rọ̀ tí ẹlòmíràn sọ lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀ ti di èlò nínú ọbẹ̀ wọn.

Ẹ wá ro ti Ìbàdàn níbí. Ìjàǹbá ṣẹlẹ̀ ní Ìwó Róòdù láàárọ̀. Kí ó tó di ọ̀sán, wọ́n ti ń sọ ọ́ lórí rédíò, àwọn ènìyàn ń pe fóònù wọlé, ẹnì kan ní awakọ̀ náà ń tẹ fóònù, ẹlòmíràn ní ó ti mutí. Ní alẹ́, ẹni tó wà níbẹ̀ gan-an á máa sọ ọ́ fún ìyàwó rẹ̀ pé òun rí fóònù lọ́wọ́ awakọ̀. Kò parọ́. Ọpọlọ tọ́jú fóònù náà, kò tọ́jú ibi tó ti gbọ́ ọ. Nínú gbogbo ohun tí ìrántí ń pa mọ́, ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá wà lára àwọn tó ń tètè bọ́ sọnù.

Ìdánilójú náà kì í ṣe ẹ̀rí. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kìíní 1986, Challenger, ọkọ̀ tó ń gbé ènìyàn lọ sí gbalasa òfuurufú, bú gbàù lójú ọ̀run ní Amẹ́ríkà. Ní ọjọ́ kejì, Ulric Neisser àti Nicole Harsch ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ ibi tí wọ́n wà àti bí wọ́n ṣe gbọ́. Nígbà tó tó ọdún méjì ààbọ̀, wọ́n tún béèrè lọ́wọ́ 44 nínú wọn. Ìdá kan nínú mẹ́rin wọn ni kò gba ẹyọ kan nínú ohun tí wọ́n fúnra wọn ti kọ sílẹ̀, ọ̀pọ̀ sì dá ara wọn lójú gan-an. Àwa náà ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ bi àwọn àgbà nípa Omíyalé Ògùnpa ti ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ 1980, ẹ ó gbọ́ ibi tí wọ́n dúró sí, aṣọ tí wọ́n wọ̀ àti ohun tí wọ́n ń jẹ. Pé omi náà wá, pé ó gbé ilé àti ènìyàn lọ, kò sí ẹni tí yóò gbàgbé ìyẹn: ẹ̀rù àti ìbànújẹ́ máa ń tẹ ìrántí mọ́lẹ̀ ṣinṣin. Òun ni àwọn àgbà rí tí wọ́n fi ní ẹni tó ṣu lè gbàgbé, ẹni tó kó o kò ní gbàgbé. Àwọn ohun kéékèèké ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, bí aṣọ àti oúnjẹ, ni kò yẹ ká fi orí wa dúró fún.

Ohun tó yẹ ká máa ṣe kò le. Bí ìṣẹ̀lẹ̀ bá ṣojú yín, tí ó sì lè dé ilé ẹjọ́ tàbí iwájú baálé, ẹ kọ ohun tí ẹ rí sílẹ̀, tàbí kí ẹ gba ohùn yín sílẹ̀ lórí fóònù, kí ẹ tó bá ẹnikẹ́ni sọ ọ́. Bó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ fẹ́ béèrè, ẹ ní, “Kí lo rí?” kí ẹ sì dákẹ́. Bí ẹ bá ní, “Ṣé ọmọkùnrin tó wọ aṣọ pupa yẹn ló mú un?” ẹ ti gbé aṣọ pupa fún un nìyẹn. Ọmọdé ni ẹ gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún jù, torí wọ́n máa ń wo ojú àgbà kí wọ́n tó dáhùn, ohun tí wọ́n bá sì dáhùn lẹ́ẹ̀mẹta á ti di ohun tí wọ́n rántí.

Kí ló wá ń fa ìgbàgbé?

Ọ̀pọ̀ ohun tí a ní a gbàgbé, kò wọlé rárá. Ẹ gbé kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ nígbà tí ẹ ń dáhùn fóònù. Ọwọ́ ló gbé e, ọkàn ò sí níbẹ̀. Kò sí àdúrà tó lè fa ohun tí kò wọlé jáde.

Ìgbà mìíràn, ó wọlé, ohun tí yóò fà á jáde ni kò sí nítòsí. Ẹ dìde ní pálọ̀, ẹ dé yàrá, ẹ wá dúró gbagidi: kí ni mo wá mú? Ẹ padà sí pálọ̀, ẹ rí ìwé tó ṣí sílẹ̀, ẹ sì rántí pé awò ojú lẹ fẹ́ mú. Pálọ̀ ni ohun tó fà á jáde wà. Orúkọ tó “wà lẹ́nu” tí kò jáde náà kò kúrò nínú ọpọlọ. Bí ẹnì kan bá ti pe sílébù àkọ́kọ́ rẹ̀, ó lè jáde ní kíá.

Ẹ̀kẹta ni pé ohun tó jọra máa ń dí ara wọn lọ́nà. Ẹ yí PIN káàdì yín padà, àtijọ́ ni ìka ń tẹ̀. Ọmọ ka Báólójì, ó sì gbé Àgíríkì lé e lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, apá ara òdòdó inú méjèèjì wá dàrú mọ́ ara wọn.

Ti ìgbà tó ń kọjá lọ náà wà ńbẹ̀. Hermann Ebbinghaus, ará Jámánì, fi ara rẹ̀ dán an wò, ó sì gbé èsì rẹ̀ jáde ní 1885. Ó ṣẹ̀dá ègé ọ̀rọ̀ tí kò nítumọ̀, ó há wọn sórí títí ó fi lè pè wọ́n láìṣì, ó wá ń wo bí làálàá tí yóò fi tún wọn kọ́ ṣe dín kù tó. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 20, ó jèrè 58 nínú 100 làálàá àkọ́kọ́. Lẹ́yìn wákàtí kan, 44. Lẹ́yìn ọjọ́ kan, nǹkan bí 34. Lẹ́yìn ọjọ́ 31, 21. Ẹ ṣàkíyèsí pé wákàtí àkọ́kọ́ nìkan jẹ ju ìdajì lọ, oṣù kan tó tẹ̀ lé e kò sì jẹ tó bẹ́ẹ̀. Ohun tó nítumọ̀ máa ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n bó ṣe ń yára lọ níbẹ̀rẹ̀ tó sì ń rọra lọ lẹ́yìn náà, bákan náà ni.

Ìgbàgbé kì í sì í ṣe ọ̀tá. Bí ẹ bá rántí gbogbo ojú tí ẹ rí nínú takisí mikra láàárọ̀ yìí, ẹ ò ní ráyè ronú.

Báwo ni ọmọ ṣe lè kàwé tí yóò fi dúró?

Ibí yìí ni inú mi kì í dùn sí bí a ṣe ń ṣe é. Ọmọ á jókòó láti aago mẹ́sàn-án alẹ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́, ohun tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Agbowó ń pè ní TDB, á máa ka ojú ìwé kan náà lẹ́ẹ̀marùn-ún, á fi bírò aláwọ̀ ìyeyè kùn ún. Ní ìgbà karùn-ún, gbogbo rẹ̀ á dà bí ohun tó mọ̀. Ìdẹkùn wà níbẹ̀. Kí ojú dá nǹkan mọ̀ yàtọ̀ sí kí ọpọlọ lè fà á yọ. Gbogbo wa la dá àwòrán orí owó náírà mọ̀. Ẹ pa ojú dé kí ẹ sọ ohun tó wà lẹ́yìn igba náírà. Inú gbọ̀ngàn ìdánwò, ìfàyọ ni wọ́n ń béèrè, kò sì tíì ṣe ìfàyọ rí lẹ́ẹ̀kan.

Henry Roediger àti Jeffrey Karpicke fi èyí hàn ní 2006. Wọ́n ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ka àyọkà kan. Àwọn kan tún un kà. Àwọn mìíràn pa á dé, wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n rántí sínú ìwé òfìfo. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, àwọn tó tún un kà ló borí, 81 sí 75 nínú 100. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ó yí padà: àwọn tó pa ìwé dé gba 56, àwọn tó tún un kà gba 42. Bí ìdánwò bá jẹ́ lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ máa tún un kà lọ.

Báyìí ni kí ọmọ ṣe é. Kó ka ojú ìwé méjì, kó má jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kó pa ìwé dé, kó mú pépà òfìfo, kó kọ gbogbo ohun tó rántí fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kódà bó bá ní kò rántí nǹkan kan; jíjà tó ń jà láti rántí ni iṣẹ́ náà. Lẹ́yìn náà kó ṣí ìwé, kó fi bírò pupa kún ohun tó fò, kó sì jẹ́ pé ibi tó pupa nìkan ni yóò tún kà. Kó tún fà á yọ láìwo ìwé ní ọjọ́ kejì, ní ọjọ́ kẹrin, ní ọjọ́ kẹjọ, ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, àti nígbà tó bá pé oṣù kan. Ìgbà kọ̀ọ̀kan kò ní gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ibi tó máa ń bàjẹ́ sí ni pé ọmọ á yọjú wo ìwé kó tó ronú tán, tàbí kó kó gbogbo rẹ̀ jọ di ọ̀sẹ̀ ìdánwò. Àwọn akọ́fá mọ èyí tipẹ́. Odù 256 ni Ifá ní, ẹsẹ rẹ̀ kò sì lóǹkà. Ẹnu ni wọ́n fi ń kọ́ ọ, díẹ̀díẹ̀, fún ọdún púpọ̀, ọmọ awo ń ké e níwájú ọ̀gá, ọ̀gá ń tún un ṣe. Ìfàyọ ni gbogbo rẹ̀.

Oorun ńkọ́? Nígbà tí a bá sùn wọra, hippocampus máa ń tún ohun tó gbà wọlé lọ́sàn-án gbé yẹ̀ wò, ohun náà á sì máa ti ibẹ̀ wọ apá òde ọpọlọ, kó lè dúró pẹ́. Ọ̀dọ́ tó wà láàárín ọdún 13 sí 18 nílò wákàtí mẹ́jọ sí mẹ́wàá, àgbàlagbà nílò méje ó kéré tán. Ẹni tó ṣe TDB ti lọ sọ́jà, ó ra èlò, kò gbé e délé.

Ìsọ̀yè àti oògùn ìwé ńkọ́?

N kò ní bú ohun tí àwọn baba wa fi sílẹ̀. Àmọ́ kò sí àgúnmu tàbí tábílẹ́ẹ̀tì tí yóò fa ohun tí ọmọ kò gbà wọlé yọ, tàbí tí yóò dípò oorun. Tírámádọ́ọ̀lù tí àwọn kan ń lò kí wọ́n má bàa sùn lóru ń di bárakú, ó sì lè fa gìrì. Bí oúnjẹ àárọ̀ àti oorun ọmọ ò bá pé, ibẹ̀ ni kí owó ìsọ̀yè kọ́kọ́ lọ.

Ìgbà wo ni ìgbàgbé àgbà di àìsàn?

Ọjọ́ orí máa ń mú kí orúkọ pẹ́ lọ́nà kó tó dé ẹnu. Ìyẹn kì í ṣe àrùn. Kí màmá má rántí ibi tó fi kọ́kọ́rọ́ sí kò ṣe nǹkan. Kó mú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́, kó máa wò ó bí ohun tí kò rí rí, nǹkan ti ṣe. Bákan náà ni kó sọnù lọ́nà Òjé tó ti ń ná láti 30 ọdún, kó máa sè oúnjẹ tó ti ń sè látìgbà èwe kó sì máa fo ìgbésẹ̀, kó ṣírò owó ọjà kó má bára mu, kó béèrè ìbéèrè, kí wọ́n dá a lóhùn, kó sì tún béèrè rẹ̀ ní ìṣẹ́jú márùn-ún lẹ́yìn náà bí ẹni tí kò gbọ́ rí. Ó ń ṣarán ni a máa ń sọ. Dementia ni àwọn dókítà ń pè é. Èyí tó wọ́pọ̀ jù nínú rẹ̀ ni Alzheimer. Àgbègbè hippocampus wà lára ibi tí Alzheimer ti ń kọ́kọ́ jẹ, òun ló fà á tí ọ̀rọ̀ àná fi ń lọ nígbà tí orin ìgbà èwe ṣì dúró digbí. Àrùn ọpọlọ ni. Kì í ṣe àjẹ́, kì í ṣe èpè, ó sì dùn mí gidigidi pé a ṣì ń lé àwọn ìyá kúrò nílé nítorí rẹ̀.

Ìbàdàn ní ipò pàtàkì nínú ìmọ̀ yìí. Bẹ̀rẹ̀ láti 1992, àwọn olùwádìí ilé ìwòsàn ńlá UCH àti Yunifásítì Ìbàdàn, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun ṣaájú wọn, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéṣọlá Ògúnníyì sì bá wọn ṣe é, lọ láti ojúlé dé ojúlé ní Ìdíkàn, wọ́n yẹ àwọn tó ti pé ọdún 65 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ wò. Hugh Hendrie àti ikọ̀ rẹ̀ ṣe bákan náà láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú ní Indianapolis, ìlú kan ní Amẹ́ríkà. Nígbà tí èsì jáde ní 2001, nínú àgbà 1,000 lọ́dún kan, nǹkan bí 13 sí 14 ni dementia ṣẹ̀ṣẹ̀ mú ní Ìbàdàn, nǹkan bí 32 ní Indianapolis. Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ni ọ̀pọ̀ baba ńlá àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà náà ti wá, nítorí náà àwọn olùwádìí náà wo ọ̀nà ìgbésí ayé: oúnjẹ, ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà. Oúnjẹ tiwa náà ti ń yí padà báyìí, ẹ̀jẹ̀ ríru sì pọ̀ nígboro. Ẹni tó bá ń tọ́jú ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ láti ẹni ogójì ọdún ń tọ́jú iyè rẹ̀ pẹ̀lú.

Kì í ṣe gbogbo ìgbàgbé ló jẹ́ dementia. Ẹ̀yà ọrùn tí wọ́n ń pè ní táíròdù tí kò ṣiṣẹ́ dáadáa, fítámì B12 tó dín kù, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn lẹ́yìn ikú ọkọ tàbí ìyàwó, oògùn oorun, kódà oògùn ọ̀fìnkìn tó ń mú ni tòògbé, gbogbo wọn lè mú àgbà máa gbàgbé, wọ́n sì ní ìtọ́jú. Bó bá jẹ́ òjijì ni, tí baba tí orí rẹ̀ pé lánàá bá ń sọ kántankàntan lónìí, ẹ má dúró: àkóràn, òùngbẹ tó wọ ara tàbí rọpárọsẹ̀ ló sábà máa ń jẹ́, ọjọ́ náà ni ilé ìwòsàn.

Bí ẹ bá ń mú wọn lọ sí UCH tàbí ilé ìwòsàn mìíràn, ẹ kọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ àti ohun tó kọ́kọ́ yí padà sílẹ̀. Ẹ kó gbogbo oògùn tí wọ́n ń lò dání, àti àgbo náà. Kí ẹni tó ń bá wọn gbé sì tẹ̀ lé wọn, kì í ṣe ọmọ tó dé láti Èkó láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ní Ìdíkàn, ọ̀pọ̀ àwọn àgbà tí wọ́n yẹ̀ wò kò lọ iléèwé rí, nítorí náà àwọn olùwádìí kò gbára lé ìwé kíkà. Wọ́n bi àgbà ní ìbéèrè tí kò nílò ìwé, wọ́n sì bi ẹbí náà: ṣé wọ́n ṣì ń ṣe ohun tí wọ́n ti ń ṣe tẹ́lẹ̀? Ẹni tó ń jẹ oúnjẹ tí màmá ń sè lójoojúmọ́ ló lè sọ ọjọ́ tí iyọ̀ kọ́kọ́ di méjì nínú ọbẹ̀.